Ọ̀nà Tí Bàbá Tẹríba Fẹsẹ̀ Là

Bàbá ìyàwó mi kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ kò sí àlejò àgbàlagbà tó wọ ilé rẹ̀ rí tí kò tẹrí ba. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Tẹríba. Bíríkìlà ni. Kì í sì í ṣe bíríkìlà tí ògiri rẹ̀ ń wọ́ o. Bó bá to búlọ́ọ̀kù kalẹ̀, èèyàn lè gbé ẹyin lé e lórí kó má yí. Ó kọ́ ilé-ìwé àdúgbò, ó kọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó kọ́ ilé fún àwọn kan tí wọn kì í kí i mọ́ báyìí. Ìgbà tó wá kan ilé tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ.

Ohun tó fà á ni pé ó ń kánjú. Ìyàwó tuntun wà nílẹ̀, òjò sì ń ṣú bọ̀. Orí ilẹ̀ lásán ló ti wọn gíga ẹnu ọ̀nà, ó gbé kọnkéré dábùú rẹ̀ lókè, ó mọ ògiri tó kù, ó kan òrùlé. Ìgbà tó yá ló wá da kọnkéré sí ilẹ̀ inú ilé, ó tún fi sìmẹ́ǹtì dán an lórí, ni ilẹ̀ bá gòkè lọ pàdé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá kò gbọdọ̀ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé àpótí wọlé, ó fi iwájú orí sọ kọnkéré náà, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Ìyàwó rẹ̀, obìnrin kúkúrú bíńtín, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó yíjú padà, ó ní, “Ilé mi dáa. Ìwọ lo ga jù.”

Bàbá ní òun máa fọ́ ọ, òun á tún un ṣe. Ìyàwó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ibi gbogbo láyé yìí lòun ti ń gbójú sókè wo èèyàn, kí wọ́n fi ibì kan ṣoṣo sílẹ̀ fún òun tí òun á máa nàró wọlé, tí àwọn tó ga á máa bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, tó sì di àṣà ilé. Bí ẹsẹ̀ èèyàn bá ti dún níta, ẹni tó wà nínú ilé á ké pé, “Ṣọ́ orí ẹ o!” Bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàbọ̀ nílé náà nìyẹn. Ìyàwó mi ti ń tẹrí ba wọlé láti kékeré, nígbà tí orí rẹ̀ kò tíì dé ibi ọwọ́ ilẹ̀kùn, torí ó rí i pé àwọn àgbà ń ṣe é, ó sì rò pé bí wọ́n ṣe ń wọlé níbi gbogbo nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí èmi kọ́kọ́ lọ fojú hàn gẹ́gẹ́ bí àfẹ́sọ́nà, mo wẹ̀, mo fá irùngbọ̀n ara mi kó máa dán. Onígbàjámọ̀ ni mí. Irùngbọ̀n játijàti kò gbọdọ̀ bá mi délé àna. Bàbá jókòó sínú ilé, ó ń wò mí bọ̀ láti òkèèrè. Kò wí nǹkan kan. Ìgbà tí mo forí gbá kọnkéré tán, tí ojú mi ń ṣú, ló wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ṣọ́ orí ẹ.” Ìyá ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rẹ aṣọ sómi tútù, ó fi lé mi níwájú orí, ó ní kí n má bínú, pé ẹni tí ọkọ òun bá fẹ́ràn nìkan ló máa ń dákẹ́ fún kó kọ́kọ́ gbá a. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo ṣáà fẹ́ ọmọ wọn.

Ìyá ṣàìsàn, Ìyá kú, nínú yàrá iwájú, ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Mo sunkún rẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún ìyá tó bí mi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Àwọn ọkùnrin tó wá gbé pósí jáde kò mọ ilé náà. Bàbá ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tó ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Ẹ ṣọ́ orí yín. Ẹ ṣọ́ orí yín.” Kò sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, á ní ta ni kó wá máa sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n ṣọ́ orí wọn.

Ìyàwó mi yìí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìlú, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀. Àwọn ló ń sọ ibi tí títì máa gbà àti ibi tí gọ́tà máa yà sí. Bàbá gan-an ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà tó gún, pẹ̀lú okùn àti èkàn méjì lórí iyanrìn, nígbà tó ṣì wà nílé-ìwé. Òun nìkan ni wọ́n bí. Bí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, á ní, “Èmi ń kọ́ ilé. Ọmọ mi ń kọ́ ìlú.” Ó sọ ọ́ débi pé wọ́n máa ń bá a parí rẹ̀.

Lẹ́yìn títì tí Bàbá ń gbé ni àgbàlá ńlá kan wà tí àwọn ọkọ̀ ojú irin máa ń sùn sí láyé àtijọ́. Ọkọ̀ ò wá mọ́. Irin ibẹ̀ ti dípẹtà, igbó ti bò ó, bí òjò bá sì rọ̀, omi tí kò ríbi lọ á wọ́ wá sí títì Bàbá, á wọ ilé tọ onílé lọ. Àwọn aláṣẹ ìlú wá ní àwọn máa sọ gbogbo rẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́ ńlá. Igi á wà, koríko á wà, adágún omi á wà tí yóò máa gba àgbàrá, wọ́n á fi erùpẹ̀ tí wọ́n bá wà níbi adágún mọ òkè kékeré tí èèyàn lè gùn. Inú gbogbo ayé dùn. Ní ìlú tiwa yìí, bó o bá fẹ́ rí igi, àga lo máa lọ wò.

Ohun tí a kò tètè mọ̀ ni pé bí òjò bá pọ̀ jù, adágún á fẹ́ pápá kan tí omi rẹ̀ lè tàn sí. Ibi tó sì rẹlẹ̀ jù fún ìyẹn ni títì Bàbá Tẹríba.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ṣèpàdé. Wọ́n ta àwòrán ńlá mọ́ ògiri. Ọ̀gá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu. Kò burú léèyàn, àmọ́ òwe tó yẹ kó fi sílé ló mú wá. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.”

Bàbá dá a lóhùn láti ẹ̀yìn, ó ní, “Èmi kì í ṣe ọba. Ilé mi ò sì jó.”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà làágùn. Ló bá gbé ọ̀pá tó fi ń tọ́ka sí àwòrán lé ìyàwó mi lọ́wọ́, ó ní ọmọ àdúgbò ni, òun ló máa lè ṣàlàyé.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ gbọ́ o: ìyàwó mi ti jà ní ọ́fíìsì títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ti ya ìlà náà sápá òsì, ó ti yà á sápá ọ̀tún, kí títì bàbá rẹ̀ lè bọ́. Omi kò gbà. Omi kì í mọ ọmọ ta ni ẹ́. Ó sì rò pé, ó kéré tán, kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ó na ọ̀pá sókè, ó ní, “Láti ibí lọ dé ibí, gbogbo ẹ̀ máa di koríko.” Ibi tí ẹnu ọ̀pá náà sì fìdí lé ni òrùlé bàbá rẹ̀. Kò mọ̀. Láti òkè ni àwọn tó ń ya ilẹ̀ ti ń wò ó, bí ẹyẹ. Òrùlé kékeré kan láàárín òrùlé rẹpẹtẹ kò jọ ilé èèyàn.

Bàbá dìde. Ó dé fìlà rẹ̀. Ó ní, “Mo ti gbọ́.” Ó jáde, kò sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni mo ń sọ. Ó lé ní ọdún méjì. Nígbà tí katapílà dé, Bàbá kò lọ wò ó. Èmi ni mo lọ. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló wó kẹ́yìn. Gbogbo ògiri ti balẹ̀, òun ṣì dúró, awakọ̀ náà ní láti padà sẹ́yìn kó tún wá gbá a. Mo sọ fún Bàbá. Ó wá ní, “Irin tí mo fi sínú ẹ̀ nípọn.”

Wọ́n fún un ní ilé tuntun ní àjà kejì, nínú ilé gíga tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọgbà. Ilé náà dáa: iná wà, omi ń yọ. Bàbá wo àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹṣin ló ń gba ibí wọlé ni?” Síbẹ̀, mo fi ojú ara mi rí i tó ń tẹrí ba bó ṣe fẹ́ wọ ilé ìdáná.

Èmi wá di fóònù àárín bàbá àti ọmọ. Bàbá máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní gbogbo Sátidé kí n fá irun fún un. Bí mo bá ti fi aṣọ dì í lọ́rùn, á bẹ̀rẹ̀.

“Sọ fún ìyàwó ẹ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó rà, mo ti ń lò ó.”

“Bàbá, ọmọ yín mà ni.”

“Ìyàwó ẹ ni mo wí.”

Bí mo bá délé, ìyàwó mi á ní, “Béèrè lọ́wọ́ bàbá mi bóyá orúnkún wọn ṣì ń ro wọ́n.” Èmi á ní kó lọ béèrè fúnra rẹ̀. Ó sì ń lọ o, kò yéé lọ. Ó lọ lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀. Bàbá kọjú sí mi, ó ní, “Sọ fún àlejò kó jókòó.” Àlejò! Ọmọ tó bí! Ìyàwó mi jókòó, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun, àmọ́ nígbà tí a délẹ̀ nínú ilé gíga yẹn, ó dì mọ́ ògiri, ó sunkún bí ọmọdé. Inú bí mi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé abẹ dúró lójú ọ̀nà ọ̀fun Bàbá, mo ní, “Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.”

Ó la ojú kan. “Ọjà wo? Wọ́n ti sọ ọ́ di koríko. Fá irun ẹ.”

Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn bàbá yìí. Ìdí nìyẹn tí agídí rẹ̀ fi ń dùn mí.

Ọgbà náà parí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kó irin àtijọ́ kúrò, wọ́n wa adágún, wọ́n mọ òkè, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ débi pé èèyàn kò lè mọ ibi tí títì kankan wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbin igi, wọ́n fún irúgbìn koríko. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí i, kò sí ọ̀nà kankan nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n ní ìjọba tó rántí ewéko tó gbàgbé ọ̀nà, irú èyí la ò rí rí.

Wọn kò gbàgbé. Ọgbọ́n ọ̀gá gbọ̀ngbọ̀nràn ni. Ó ní òun ti rí i níbi púpọ̀ tí wọ́n ti la ọ̀nà tó rẹwà sínú ọgbà, tí àwọn èèyàn á fi í sílẹ̀, tí wọ́n á máa gba orí koríko kọjá. Kí wọ́n kúkú dúró. Kí wọ́n jẹ́ kí òjò kan rọ̀ kọjá, kí wọ́n wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn bá là, ibẹ̀ lòun á to òkúta sí. Ìyàwó mi fẹ́ràn òfin yẹn gan-an. Ó máa ń ní, “Ẹsẹ̀ kì í purọ́.” Bí wọ́n bá fẹ́ wo ọ̀nà, wọ́n á gun òkè lọ, wọ́n á máa wò ó láti ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ sì la ọ̀nà lóòótọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì là tiwọn láti ibùdókọ̀ dé ilé ìwòsàn, ó gún bí okùn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé là tiwọn, ó ń ta kókó bí ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí, gbogbo rẹ̀ ló sì ń yà sí etí omi. Àwọn arúgbó là tiwọn yí ìdí òkè po. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ibi tó bá wu ẹsẹ̀ ẹni lèèyàn ń gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹun, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O ò mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tí kò lọ síbì kankan?”

“Báwo?”

“Ó bẹ̀rẹ̀ láti géètì ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ Bàbá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣẹ́rí sápá òsì lórí pápá gbalasa, ó tún ṣẹ́rí sápá ọ̀tún, bí ẹni pé nǹkan dí i lọ́nà. Kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá dá dúró sáàárín koríko, gbáà. Ọ̀gá wa ní ajá ni. Èmi ní ọ̀mùtí ni.”

“Kí lẹ máa wá ṣe sí i?”

“Bí òjò bá dáwọ́ dúró, tí a bá fẹ́ to òkúta, a máa tú ibẹ̀, a máa gbin koríko mìíràn sí i, a máa fi igi eléwé dí ẹnu ẹ̀. Ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan kì í ṣe ọ̀nà.”

Oúnjẹ dúró sí mi lẹ́nu. Láti bí oṣù mélòó kan ni eèmọ́ ti ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò Bàbá bó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé ṣé ó ti di àgbẹ̀ ni. Ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Mo sì mọ ìṣẹ́rí méjèèjì yẹn. Nígbà tí mò ń fẹ́ ọmọ wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ojú dídì rìn ín: èèyàn á yà sósì nítorí ògiri télọ̀ tó yọ sójú títì, á tún yà sọ́tùn-ún nítorí kànga, ilé Bàbá ló kàn.

Mi ò sọ fún un. Ohun míì wà tó jẹ́ pé ojú ló yẹ kó rí i, kì í ṣe etí. Mo ní, “Bó o bá ti ṣíwọ́ lọ́la, dúró dè mí lórí òkè yẹn.”

A jókòó sórí òkè lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti ń rọ̀. Ní àsìkò tí àwọn bíríkìlà máa ń ṣíwọ́, Bàbá yọ lẹ́nu géètì. Kò rìn bí ẹni tó ń gbafẹ́. Ó ń rìn bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ó dé ibi ògiri télọ̀, ó yà fún un. Ó dé ibi kànga, ó yà fún un. Nígbà tó dé òpin ọ̀nà, ó nu bàtà rẹ̀ sára koríko, ó tẹrí ba, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó wọlé. Lẹ́yìn náà ló rọra jókòó sílẹ̀, ó kọjú sí ibi tó gbà wọlé, bí ẹni tó ń retí ará ilé.

Mo wo ìyàwó mi. Ojú ẹyẹ tó fi ń wo ilẹ̀ ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, “Ilé wa ni.” Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, “A máa fi igi dí i. Èmi ni mo ní ká fi igi dí i.” Ó dìde, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé e, torí ara mi ò gbà á kí n jókòó, àmọ́ mo jìnnà díẹ̀.

Kò gba orí koríko lọ bá a tààrà o. Ó lọ sẹ́nu géètì, ó gba ọ̀nà yẹn gan-an. Omi kún ojú rẹ̀, kò ríran dáadáa, síbẹ̀ ó yà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ó yà níbi kànga. Bàbá rí i. Mo rí bí ó ṣe mú ojú kúrò, tó ń wo adágún, bó ṣe máa ń ṣe fún àlejò. Mo sọ sínú pé bó bá tún pè é ní àlejò lónìí, èmi náà ò ní fá irun kankan fún un mọ́.

Ìyàwó mi ò dúró. Ó ń bọ̀, ó nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó kù díẹ̀ kó kan ibi tí ọ̀nà parí sí.

“Ṣọ́ orí ẹ!”

Bàbá ló ké e. Mo gbà pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun máa ké. Ẹnu rẹ̀ ló yára ju ìbínú rẹ̀ lọ. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ wìì, ó tẹrí ba lábẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, ó wọlé. Àwọn méjèèjì wá ń wo ara wọn.

Ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá.”

“O pẹ́,” ni Bàbá wí.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé orí ilé wa ni mo gbé ọ̀pá yẹn lé.”

“Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ká ní o mọ̀, tó o sì gbé e lé e, ìjà nìyẹn ì bá jẹ́, a ò bá ti jà á tán. Ilé tí ìyá ẹ bí ẹ sí, ọmọ mi wò ó lójú gbogbo èèyàn, kò dá a mọ̀.” Ó nawọ́ sí ilẹ̀. “Ṣé o dá a mọ̀ báyìí?”

“Mo dá a mọ̀, Bàbá.”

“Níbo lo kúnlẹ̀ sí yẹn?”

Ó wo ilẹ̀, ó wo ibi ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. “Ìdí àga Ìyá.”

Bàbá fi fìlà bojú. Nígbà tó ṣí i kúrò, ó ní, “Ṣé o ti jẹun?” Ìgbà yẹn ni èmi náà tó mọ̀ pé mò ń sunkún, èmi tí ẹnikẹ́ni kò bi ní nǹkan kan.

Bí a ṣe ń lọ sílé, gbogbo ẹjọ́ tó ti ní lórí ọgbà yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ló kó sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Àga ìjókòó ga jù. Igi kan ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ṣé ojú wọn fọ́ ni? Ta ló mọ ògiri etí omi, tó wọ́ bẹ́ẹ̀? Ìyàwó mi ń dáhùn, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Màá sọ fún wọn, Bàbá.” Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Iṣẹ́ fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi láìgba ìwé, n kò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó mi kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní ọ̀nà tí kò lọ síbì kankan yẹn, òun ti mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀gá ní ibo. Ó ní, “Ilé bàbá mi.” Ọkùnrin náà, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin tí àwọn ṣe ni pé ẹsẹ̀ ló máa la ọ̀nà. Àwọn ò sọ ẹsẹ̀ ta ni. Kí wọ́n to òkúta sí i.

Wọ́n tò ó, pẹ̀lú ìṣẹ́rí méjèèjì. Ṣùgbọ́n Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òpin rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń ro ó, tó fi bíríkì tẹ́ ilẹ̀ yàrá kékeré kan síbẹ̀, tó sì fi bíríkì kan dábùú ẹnu rẹ̀ bí ibi tí èèyàn ń tẹ̀ wọlé. Ìyàwó mi ló ń na okùn fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe.

Àwọn tó ń gbafẹ́ máa ń dúró níbi àwọn ìṣẹ́rí yẹn, wọ́n á ní irú ọ̀nà wo lèyí. Bí wọ́n bá bi Bàbá, á ní nítorí télọ̀ ni, wọ́n á sì dúpẹ́ bí ẹni tó gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ púpọ̀ ni a máa ń bá a níbẹ̀. Ìyàwó mi kì í gbàgbé. Èmi ni mo máa ń gbàgbé, bí iṣẹ́ bá ti rẹ̀ mí, màá nàró wọlé gbọnrangandan. Bàbá á wò mí láti òkè délẹ̀.

“Padà síta,” á wí. “Wá wọlé dáadáa.”

Màá padà síta, màá tẹrí ba, màá sì wọlé.